Ọ̀rẹ́ wa tó di Gẹ̀ẹ́sì ní Isandlwana lóun ò ṣe mọ́. Ibo la ti ṣì í?

OníTábìlì:
Ẹ̀yin ará ilé, mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá wa dá sí kó tó di ìjà.

Lọ́jọ́ Sátidé, àwa mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ wa, tó máa ń fi ère kéékèèké àti dáìsì ta eré ogun àtijọ́, gbé ogun Isandlwana ka orí tábìlì. Fún ẹni tí kò mọ ìtàn náà: ní January 22, 1879, nílẹ̀ Súlù ní Gúúsù Áfíríkà, nǹkan bí 20,000 jagunjagun Súlù ya lu ibùdó ogun Gẹ̀ẹ́sì tí èèyàn inú rẹ̀ kò pé 1,800. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn tó kú nínú ibùdó yẹn ti lé ní 1,300. Bó ṣe rí gan-an la ṣe tò ó. Ère kan dúró fún 50 èèyàn, nítorí náà 400 ère fún Súlù, 36 fún Gẹ̀ẹ́sì. Ìyípo kan jẹ́ ìṣẹ́jú 15, a sì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sán gangan.

Ère tó wà lọ́wọ́ wa ò tó 400 o. 250 péré la rí kó jọ, oṣù mẹ́rin gbáko ni mo sì fi kùn wọ́n. Nítorí náà, bí Súlù kan bá kú níwájú, a ó gbé ère rẹ̀ padà sí ẹ̀yìn tábìlì, á tún máa bọ̀ bí ọ̀kan nínú àwọn 150 tí a ò ní. Ìwé wà níbẹ̀ tí a ń kọ iye wọn sí, kò sí màgòmágó kankan nínú rẹ̀.

Àwa mẹ́ta di Súlù, ọ̀rẹ́ wa kan ṣoṣo di Gẹ̀ẹ́sì. Súlù máa ń tò bí orí ẹfọ̀n: àyà á kọjú sí ọ̀tá, ìwo méjì á yí i ká lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tó fi di ìyípo kẹfà, ìwo méjèèjì ti pàdé lẹ́yìn rẹ̀. Ní ìkẹjọ, kò sí Gẹ̀ẹ́sì kankan lórí tábìlì mọ́. Ó dìde, ó kó dáìsì rẹ̀ sápò, ó ní, "Ẹ ti pa mí kí n tó jókòó," ó bá tirẹ̀ lọ. Látọjọ́ náà, kò dá wa lóhùn lórí WhatsApp.

Ṣé ká dín Súlù kù ni kí agbára lè dọ́gba? Àbí irú ogun báyìí ò yẹ lórí tábìlì rárá?

Pọ́ìǹtì_Ló_Jù:
Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ ọ́. Ẹ fún apá kọ̀ọ̀kan ní 500 pọ́ìǹtì, kí kálukú fi ra ohun tó bá wù ú, ẹni tó bá gbọ́n ju èkejì lọ á jẹ. Ìyẹn leré. Ìsìnkú lẹ̀yin ṣe, ẹ kàn ní kí òkú wá bá yín da dáìsì ni. Bí a bá ti mọ ẹni tó máa borí ká tó tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, kí la tún ń wá níbẹ̀?

Mi ò bínú sí ẹnikẹ́ni o. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ yín jàre.

Ajíǹde:
"Bí Súlù kan bá kú níwájú, a ó gbé ère rẹ̀ padà sí ẹ̀yìn." Ọ̀gbẹ́ni, ẹ ń jí òkú dìde lójú ẹni tó pa á, ẹ wá ń bi wá pé kí ló bí i nínú? 😂

Bàbá_Máàpù:
Pọ́ìǹtì, mo gbọ́ ẹ. Sọ fún mi, ogun wo lo mọ̀ tí ọ̀gágun méjì ti kọ́kọ́ ka èèyàn wọn kó dọ́gba kí wọ́n tó ko ara wọn lójú? Iṣẹ́ ọ̀gágun gan-an ni pé kó má jẹ̀ẹ́ kó dọ́gba. Tó o bá wá fi pọ́ìǹtì bá a tún un ṣe, kí ló kù fún un láti ṣe? Dídọ́gba yẹn pàápàá kì í pa ohun tó ò ń sá fún. Ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin ló wà nínú ilé méjìlá ọpọ́n ayò. Kó lè dọ́gba ju bẹ́ẹ̀ lọ? Síbẹ̀, bí òpè bá jókòó ti ọ̀ta, ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wádìí ẹni tó máa jẹ?

OníTábìlì, ibi tí mo rò pé ẹ ti ṣì í ni aago tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀. Nínú ìtàn, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni Lord Chelmsford, olórí ogun Gẹ̀ẹ́sì, ti kó nǹkan bí ìdajì ọmọ ogun jáde láti lọ wá àwọn Súlù níbòmíràn. Wọn ò gbẹ́ yàrà yí ibùdó náà ká, wọn ò sì fi kẹ̀kẹ́ ẹrù ṣe odi. Nígbà tí Súlù dé, Pulleine tó kù nídìí ibùdó na èèyàn rẹ̀ sí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó jìnnà sí àgọ́. Durnford, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ tún jìnnà ju ìyẹn lọ. Gbogbo àṣìṣe wọ̀nyí ti ṣẹlẹ̀ tán kí aago méjìlá tó lù. Ẹ wá gbé ọ̀rẹ́ yín jókòó ní aago méjìlá, ẹ ní kó máa jà. Ẹ jẹ́ kó jogún gbèsè tí kò jẹ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti aago mẹ́jọ àárọ̀. Ẹ jẹ́ kóun fúnra rẹ̀ yan ibi tí ìlà máa wà, àti bóyá ó máa fa kẹ̀kẹ́ jọ. Lẹ́yìn náà, ẹ má fi ẹni tó gba pápá díwọ̀n eré, gbogbo ayé ló mọ ẹni tó máa gbà á. Ìyípo mélòó ló dúró? Èèyàn mélòó ló sá kọjá odò Buffalo? Bẹ́ ẹ bá fi ìṣẹ́jú 15 yín wọ̀n ọ́n, bí ìyípo mẹ́wàá ni ìjà náà gbà láti ọ̀sán gangan. Ẹni tó bá dúró dé ìkọkànlá ti ṣe ju Pulleine lọ, bó tilẹ̀ kú.

OníTábìlì:
Ẹ ṣé, bàbá. Òótọ́ ni, ibi tí ìwé òfin ya ìlà sí la to àwọn ère rẹ̀ sí. Ó bẹ̀ wá kó fà wọ́n sẹ́yìn díẹ̀, èmi ni mo ní, "Rárá, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìtàn wí." Àfi bí ẹni pé èmi ni mo kọ ìtàn.

ÌwoẸfọ̀n:
Kò sẹ́ni tó ń bi Súlù léèrè nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Èmi ni wọ́n máa ń gbé Súlù fún níbi gbogbo torí wọ́n mọ̀ pé mo nífẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín, ẹni tó pọ̀ náà kì í gbádùn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ bí wọn ò bá tò ó dáadáa. 400 ère lọ́wọ́, ìpinnu kan ṣoṣo: ìgbà wo ni ká sáré? Ìyókù di ẹ̀yìn ríro.

Àwọn Súlù ò sì rọrùn bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá wọn nínú ìtàn. Ntshingwayo ò gbèrò láti jà lọ́jọ́ yẹn rárá, ọjọ́ kejì ni wọ́n ń fojú sí. Inú àfonífojì Ngwebeni ni gbogbo wọn jókòó sí jẹ́ẹ́ tí àwọn ẹlẹ́ṣin Gẹ̀ẹ́sì fi ṣèèṣì já lù wọ́n. Àwọn ọ̀dọ́ rọ́ jáde láìgba àṣẹ, àwọn àgbà bá ń sáré tò wọ́n nígbà tí ogun ti ń lọ. Ẹ wá wo ohun tí èyí lè ṣe lórí tábìlì: ẹ má jẹ̀ẹ́ kí Súlù mọ ìyípo tí òun máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ da dáìsì fún un. Kí àyà ti gbéra nígbà tí ìwo ọ̀tún ṣì jókòó. Ìwo ọ̀tún yìí, ẹ̀yìn òkè ló gbà lọ dí ọ̀nà Rorke's Drift, ibùdó Gẹ̀ẹ́sì kan létí odò Buffalo, nítorí náà kò yẹ kí Gẹ̀ẹ́sì rí i lórí tábìlì rárá. Orí ìwé ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí títí yóò fi yọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ka òkú Súlù. Ó kéré tán, 1,000 nínú wọn ló bá ogun náà lọ, ìyẹn 20 ère lọ́dọ̀ tiyín. Àwọn yẹn kì í ṣe ọmọ ogun tó ń gba owó oṣù, ọmọ ilé ni wọ́n, tí ọba Cetshwayo pè jáde. Bí Súlù bá pàdánù ju 20 lọ, ẹ yọ máàkì rẹ̀. Ẹ ó rí i bí ẹni tó ní 400 ṣe máa bẹ̀rẹ̀ sí í ro nǹkan.

Pọ́ìǹtì_Ló_Jù:
Ẹ ń sọ ìtàn dáadáa, ẹ ò tíì dá mi lóhùn. Ta ló máa di Gẹ̀ẹ́sì? Bẹ́ ẹ bá tò ó títí, ẹnì kan ṣì gbọ́dọ̀ jókòó síbi tí wọ́n ti máa lù ú. Àwọn tó ń sọ pé kò burú kì í sì í jókòó síbẹ̀.

ẸniTíWọ́nPa:
Ẹnì kan fi ojú ìwé yìí ránṣẹ́ sí mi. Èmi ni wọ́n ń sọ.

Lákọ̀ọ́kọ́, inú mi ò bí torí mo pàdánù. Mo ti ń pàdánù lọ́wọ́ OníTábìlì láti ọdún mẹ́ta, ó ti mọ́ mi lára. Ohun tó dùn mí ni pé láti ìyípo kẹrin títí mo fi dìde, kò sí ohun kan tí wọ́n bi mí tí mo lè dáhùn ní ọ̀nà méjì. Ṣé kí n yìnbọn? Kí ni mo tún lè ṣe? Mo da dáìsì, mo gbé ère kúrò, mo da dáìsì, mo gbé ère kúrò. Ọwọ́ mi nìkan ni wọ́n nílò níbẹ̀, wọn ò nílò orí mi. Àwọn ẹlẹ́ṣin Durnford mi jìnnà sí ibi tí wọ́n kó ọta sí, bó ṣe rí nínú ìtàn. Ọta tán, ọ̀tá ò tán. Bí mo bá sì pa mẹ́wàá, OníTábìlì á rọra kó wọn gba ẹ̀yìn mi lọ, á tún tò wọ́n, á máa súfèé. Àwa mẹ́rin la wà níbẹ̀, ẹnu mẹ́ta ló ń rẹ́rìn-ín.

Ìkejì, kò sẹ́ni tó sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ká wá ja ogun Súlù, mo rò pé irú èyí tí a máa ń jà ni. Bí wọ́n bá ti sọ pé, "Wàá kú o, ká wo bó o ṣe máa kú," bóyá tayọ̀tayọ̀ ni n bá fi wá. Ṣé wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n? Ẹ ò jẹ́ kí arọ gbọ́.

Ohun tí Bàbá_Máàpù sọ nípa aago mẹ́jọ yẹn, ẹ ṣé, sà. Mo ti ń rò ó láti àárọ̀.

OníTábìlì:
Àṣìṣe mi ni, ọ̀rẹ́ mi. Súfèé yẹn, mi ò mọ̀ pé mò ń sú u. Dá wa lóhùn lórí WhatsApp jọ̀ọ́.

Bàbá_Máàpù:
Ọ̀rọ̀ ti jáde báyìí. Ẹni tí wọ́n pa ti sọ ọ́ ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ: kò sí ìpinnu lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í bínú sí àìdọ́gba, tí mo sì máa ń bínú sí ètò tí apá kan ti máa ń wòran.

Nǹkan kan tún wà. Ẹ̀yin mẹ́ta tẹ́ ẹ di Súlù, ẹ̀gbẹ́ ara yín lẹ jókòó, ẹ jọ ń gbèrò. Ta ló rí irú ẹ̀ rí? Àwọn ìwo méjèèjì jìnnà síra ní ọ̀pọ̀ máìlì, sáré-sáré ni wọ́n fi ń ránṣẹ́. Ní 1824, ọ̀gá ọmọ ogun kan ní Prussia tó ń jẹ́ von Reisswitz gbé Kriegsspiel kalẹ̀ fún àwọn ọ̀gágun wọn. Orí máàpù ni wọ́n ti ń ta á. Àṣẹ kíkọ sílẹ̀ ni apá kọ̀ọ̀kan ń fi ránṣẹ́, onídàájọ́ ló wà láàárín, òun nìkan ló sì rí gbogbo rẹ̀. Ohun tí èèyàn rẹ bá lè rí nìkan ni wọ́n máa sọ fún ẹ.

Ẹ fi ẹnì kan ṣe onídàájọ́. Kí ẹni kan di àyà, kí ẹni kan di ìwo méjèèjì, kí wọ́n má lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ àfi nípa ìwé tí onídàájọ́ máa gbé lọ, tó máa gba ìyípo kan tàbí méjì kó tó dé. Gẹ̀ẹ́sì tó wà lójú kan ní tirẹ̀ mọ ohun tó ń lọ. Láìyọ ère kan ṣoṣo, ẹ ti rẹ Súlù sílẹ̀ díẹ̀.

Pọ́ìǹtì_Ló_Jù:
Ó dáa. Mi ò yí padà o, ṣùgbọ́n mo ti rí bí a ṣe lè yan Gẹ̀ẹ́sì láìfipá mú ẹnikẹ́ni. Ẹ fi ipò náà ṣe gbàǹjo. Kí kálukú kọ ọ́ sórí ìwé ní bòńkẹ́lẹ́: "Bí èmi bá di Gẹ̀ẹ́sì, ìyípo báyìí báyìí ni mo máa dúró." Ẹni tó bá kọ iye tó ga jù lọ ló gbà á. Bó bá dúró dé iye tó kọ, ó ti jẹ, bó tilẹ̀ kú. Bí kò bá dé e, ó pàdánù. Ẹni tó bá ń gbéra ga, ẹnu ara rẹ̀ ló máa mú un.

Ẹ wò ó, pọ́ìǹtì náà nìyẹn o. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kàn ń dá iye rẹ̀.

ÌwoẸfọ̀n:
Mo fara mọ́ ọn, ó sì ń dùn mí pé Pọ́ìǹtì ló sọ ọ́.

Ẹ má gbàgbé pé oòrùn ṣú díẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, tí òṣùpá gba iwájú rẹ̀. Kò ní wúlò fún nǹkan kan nínú òfin. Mo kàn fẹ́ kí onídàájọ́ dín iná yàrá kù ní ìyípo kẹwàá.

ỌmọKíríjì:
Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ya bàrá díẹ̀. Ṣé ẹnì kan ti gbé Kíríjì ka tábìlì rí? Àìdọ́gba ibẹ̀ yàtọ̀ sí ti Súlù yìí. Ìbàdàn ló ní ogbó-ogun, òun ló ti ṣẹ́gun ní Ìkìrun ní November 1878, ní ogun Jálumi. Ṣùgbọ́n ọ̀tá yí i ká, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ń dí ọ̀nà etíkun mọ́ ọn, Ìlọrin ń gbógun tì í láti òkè. Àwọn ọmọ Èkìtì tó wà ní Èkó wá ń fi ìbọn tuntun tí wọ́n ń ki láti ìdí ránṣẹ́ sí Ògèdèǹgbé àti àwọn Èkìtìparapọ̀. Nítorí náà, ẹni tó lágbára nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀ kọ́ ló máa lágbára láàárín. Látòṣa, Ààrẹ Ìbàdàn, pàápàá ibùdó ló kú sí ní 1885. Ìwé àdéhùn 1886 ni wọ́n tó fọwọ́ sí, síbẹ̀ 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká ní ibùdó.

Ìṣòro mi ni pé ọ̀pọ̀ ọdún nínú rẹ̀, ìjókòó ni. Báwo ni mo ṣe máa gbé ìjókòó ka tábìlì?

Bàbá_Máàpù:
Ọmọ mi, èyí tóbi ju ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lọ. Lọ ṣí tirẹ̀, mo ń bọ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọjà àti ọ̀nà ni kó o fi ṣe eré náà, má fi ti ìbọn ṣe é.

OníTábìlì:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A ti ta á lẹ́ẹ̀kan sí i, mo ṣèlérí pé n óò jábọ̀.

A ṣe gbàǹjo náà. Ọ̀rẹ́ wa kọ 9. Ìkẹta kọ 10. Èmi, mi ò mọ ohun tó ṣe mí, mo kọ 12. Bí mo ṣe di Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Ẹnì kẹrin di onídàájọ́, ọ̀rẹ́ wa gba ìwo méjèèjì, ìkẹta gba àyà.

Mo ní n ò ní ṣe bíi Pulleine. Mo fa ìlà mi sún mọ́ àgọ́, mo ní kí wọ́n máa fa kẹ̀kẹ́ jọ. Onídàájọ́ da dáìsì, ó ní àwọn màlúù tó ń fa kẹ̀kẹ́ ò tíì dé láti ibi tí wọ́n ti ń jẹko. Mo dúró ìyípo méjì. Àyà ti gbéra láìgba àṣẹ báyìí, ó ń bọ̀ lójú mi ganboro, mo ń yìnbọn, wọ́n ń dùbúlẹ̀, orí mi ti ń wú. Ní ìyípo kẹfà, mo rò pé mo ti bọ́. Mo bi onídàájọ́ pé kí ló wà lẹ́yìn òkè. Ó ní, "Ta lo rán lọ wò?" Mi ò rán ẹnikẹ́ni.

Ìyípo keje ni ìwo ọ̀tún yọ. Ìwé tí ọ̀rẹ́ wa fi bẹ àyà pé kó dúró dè é ti pẹ́ lọ́nà, ìdí nìyẹn tí kò fi yọ ní ìkarùn-ún. Ìyẹn ló gbà mí. Mo dúró dé ìyípo kẹwàá, ère márùn-ún kọjá odò, ìyókù kú. Mo kọ 12, nítorí náà mo pàdánù. Ṣùgbọ́n òkú Súlù jẹ́ 27, àwọn náà kọjá 20 tí a fún wọn. A fi bí wákàtí kan jiyàn lórí ẹni tó jẹ, a ò tíì parí rẹ̀.

Nígbà tí mo gbé ère mi tó kẹ́yìn kúrò, ọ̀rẹ́ wa súfèé.

ẸniTíWọ́nPa:
Mo súfèé, mi ò sì kábàámọ̀.

Rorke's Drift ló kàn. Ọjọ́ kan náà ni, láti ìrọ̀lẹ́ January 22 di ìdájí: nǹkan bí 150 èèyàn, tí àwọn aláìsàn wà nínú wọn, lẹ́yìn odi àpò àgbàdo àti àpótí bisikíìtì, àti 3,000 sí 4,000 Súlù níta. Mo ti sọ fún wọn pé èmi ni mo fẹ́ di Gẹ̀ẹ́sì, kò sí gbàǹjo.

Pọ́ìǹtì_Ló_Jù:
Ìwọ tó o ní wọ́n pa ọ́ kó o tó jókòó? Èyí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ!

ẸniTíWọ́nPa:
Ó burú jù ú lọ ní iye. Ṣùgbọ́n wò ó, ògiri wo ni kí n dá dúró, ògiri wo ni kí n fi sílẹ̀, ìgbà wo ni kí n kó àwọn aláìsàn jáde kí ilé ìwòsàn tó jóná, ta ló máa gbé ọta kiri? Kò sí ìyípo kan tí mi ò ní nǹkan rò. Mẹ́tàdínlógún péré ló kú nínú wọn nínú ìtàn. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo lè ṣe é.

OníTábìlì:
Ère kan fún èèyàn mẹ́wàá la máa lò, 15 sí 350, àwọn òkú á sì tún jí dìde torí 250 náà ló ṣì wà lọ́wọ́ wa. Ó ti gbà fún mi bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń wá báyìí ni àpò àgbàdo. Mo nílò bí 200 kéékèèké. Kí lẹ fi ń ṣe é?

Ajíǹde:
Amọ̀ tí wọ́n fi ń dí ihò ara igi. Yí i gbọọrọ bí okùn, gé e wẹ́wẹ́, fi ìka tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan díẹ̀ láàárín, kó o sì tò wọ́n léra wọn kó tó gbẹ kí wọ́n lè jókòó sínú ara wọn. Bí wọ́n bá ti gbẹ kó o tó tò wọ́n, wọn ò ní jókòó mọ́. Má béèrè bí mo ṣe mọ̀.